Alága Afẹ́fẹ́gbọ́tèmi Fẹjọ́ Ariwo Sùn

Ẹ bá mi kí Alága wa. Ẹ kí i dáadáa o, ẹ má kí i ní kúkúrú, nítorí ẹni tó bá kí i ní kúkúrú, kì í dá a lóhùn. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ara rẹ̀ ni Afẹ́fẹ́gbọ́tèmi. Oríkì tó tẹ̀ lé e, òun náà ló ṣẹ̀dá rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni: "Afẹ́fẹ́gbọ́tèmi, a-sọ̀rọ̀-kí-ìjì-dákẹ́, ọkọ gbogbo áńtẹ́nà, ẹni tí òfurufú ń dọ̀bálẹ̀ fún." Ibi tí òfurufú ti ń dọ̀bálẹ̀ yìí, mi ò tíì débẹ̀. Bóyá ìgbà tí mo bá ti lọ sílé ló máa ń ṣe é.

Ẹgbẹ́ wa ò tóbi. Àwa mẹ́rìndínlógún ni, àwa tí a ní rédíò tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú, kì í ṣe fún owó, fún ìfẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lásán ni. Ìjọba fún wa níwèé àṣẹ, ó sì ní ọ́fíìsì kan tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́, kí ẹnì kan má baà fi ariwo dí ẹlòmíràn lọ́nà. Ọdún kọkànlá rèé tí Afẹ́fẹ́gbọ́tèmi ti ń ṣe alága wa. Ọdọọdún là ń dìbò. Ọdọọdún ló ń kà á fúnra rẹ̀.

Fọ́tò ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ní ìpàdé wa kan, ẹnì kan gun orí àga, ó ya gbogbo wa láti òkè. Nígbà tí fọ́tò jáde, kálukú ń wo ẹ̀rín ara rẹ̀. Alága ń wo àtàrí tirẹ̀. Ó gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ojú.

"Akọ̀wé, kí ni ohun tó ń dán lórí mi yìí?"

"Iná ló tàn síbẹ̀, Alága."

Irọ́ ni mo pa. Orí ló ń dán.

Láti ọjọ́ náà ni fìlà ò ti kúrò lórí Alága mọ́. Fìlà olówùú tó nípọn ni, èyí tó gùn dé ọrùn, nínú ooru tí àwa ń fi ìwé fẹ́ ara wa. Ó ní otútù ń mú òun lórí. Òógùn ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí àgbọ̀n, ó ń gbọ̀n bí ẹni tó wà nínú yìnyín. A ò bi í léèrè. Àgbàlagbà tó ní otútù ń mú òun, ẹ jẹ́ kó gbọ̀n.

Kò pẹ́ sígbà náà ló ra panadápítà.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Rédíò tí ẹ mọ̀, etí ni, ohùn kan ṣoṣo ló ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí Alága rà yìí, ojú ni. Àpótí kékeré kan ni, kò ju páálí ìṣáná lọ. Wọ́n ń fi wáyà kan so ó mọ́ ẹ̀yìn rédíò, wọ́n ń fi òmíràn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá tan án, gbogbo ohùn tó wà lórí afẹ́fẹ́ lásìkò náà á yọ sójú kọ̀ǹpútà bí iná wẹ́wẹ́. Ohùn tó lágbára á mọ́lẹ̀ rekete, èyí tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn á ṣe bàìbàì. Ohun dáadáa ni. Èmi náà ì bá ra ọ̀kan bí ìyàwó mi bá gbà. Àmọ́ Alága ò pè é ní panadápítà bíi ti gbogbo ayé. "Ojú Kẹta Mi" ló ń pè é.

Ojú Kẹta ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tí Alága fi pè mí lórí fóònù.

"Akọ̀wé, máa bọ̀. Ọ̀tá ti wọ inú afẹ́fẹ́ mi."

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́ ni, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dúró lóòró láti apá òsì dé apá ọ̀tún, àlàfo kan náà láàrin wọn, bí igi ọgbà. Ohùn àwọn èèyàn wà lẹ́yìn ọgbà náà, ẹ ò lè rí wọn dáadáa. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo fi jẹun fún ọdún mọ́kànlélógún, mo mọ irú ariwo yẹn bí mo ṣe mọ ìró ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Ohun kékeré tó ń yí iná padà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ṣájà tí kò dáa, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú, nǹkan tí wọ́n rà nílé ìtàjà tí kò ní orúkọ.

Àwa oní-rédíò sì ní òfin kan tó ti wà kí wọ́n tó bí Alága sínú ẹgbẹ́: kí o tó na ìka sí ilé aládùúgbò, pa ilé tìrẹ ná. Wàá pa gbogbo iná ilé rẹ, wàá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi bátìrì ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, wàá wò ó. Bí ọgbà náà bá ṣì dúró, wàá fa wáyà áńtẹ́nà yọ. Bí o bá yọ ọ́ tán tó ṣì dúró, máa lọ rọra wá a nínú yàrá rẹ, má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìdajì àkọ́kọ́, Alága ṣe é. Ó ṣe é dé góńgó. Ó pa ilé fún ọjọ́ méjì gbáko. Ìyàwó rẹ̀ ń fi ọwọ́ tá ògiri rìn, omi ń ṣàn jáde nínú fíríìjì, ẹran inú rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ọgbà ò kúrò.

Mo ní, "Ó yá, ẹ wá yọ áńtẹ́nà."

"Kí n yọ kí ni?"

"Áńtẹ́nà, Alága. Ìṣẹ́jú kan péré ni."

Ó wò mí títí. "Akọ̀wé, ṣé a máa ń ṣí adé lórí ọba ká tó mọ̀ pé ọba ni? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní erin tó bá ń gun igi, kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ èèrà."

Àgbà wo ló rí erin lórí igi, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ó yẹ kí n fi ọwọ́ ara mi fa wáyà yẹn yọ lọ́jọ́ náà. Mi ò ṣe é, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ohun tó wá dà mí lọ́kàn rú ni èyí. Mo padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Alága wà nínú ilé ìwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ mọ́ fínnífínní. Kò sí ìlà kan ṣoṣo. Mò ń gbọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ṣàlàyé àìsàn adìẹ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, mo gbọ́ ọ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ orúkọ adìẹ náà. Ni Alága bá wọlé, aṣọ ìnura nídìí, fìlà lórí. Bó ṣe fìdí kan àga báyìí, ọgbà yọ bí ẹni pé wọ́n rì í mọ́lẹ̀ níṣojú wa.

Ó gbá itan rẹ̀ pàá. "Ṣé o rí i? Ìgbà tí mo bá jókòó nìkan ló ń ṣe é! Ó ń ṣọ́ mi!"

"Ta ló ń ṣọ́ yín?"

Ó na ìka sí ara ògiri.

Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn, aránṣọ ni. Àbúrò ìyàwó mi sì ni. Yàrá kan ṣoṣo ló gbà lọ́wọ́ onílé kan náà tó ni ilé Alága, fèrèsé rẹ̀ ńlá kọjú sí títì, ìmọ́lẹ̀ ń wọ ibẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó ti tó ọdún méjì tí yàrá náà ti wọ Alága lójú. Ilé tirẹ̀ ò gba àwọn ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ mọ́, ó ti gbé wọn kọ́ dé ilé ìdáná, ọ̀kan tiẹ̀ wà lórí ìlẹ̀kùn ṣáláńgá. Lọ́jọ́ kan tí Aránṣọ lọ ra òwú, mo bá Alága nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú tépù, ó ń wọn ògiri. Ó ní òun kàn ń wò ó bóyá ilé náà tọ́. Ẹ rí i pé ọ̀tá ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni wọn ò tíì rí fún un.

Bó ṣe wọ aṣọ tán ló kọrí síbẹ̀, mo tẹ̀ lé e.

"Aránṣọ, maṣíìnì rẹ ń fa ìlà sí mi lójú."

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ìlà wo nìyẹn?"

"Ìlà orí afẹ́fẹ́."

Aránṣọ wo òkè, ó wo ìta. "Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i ni?"

"Èmi nìkan ni mo ní ojú tó lè rí i!"

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n pa á, kí ẹ lọ wò ó bóyá ó lọ."

Ó pa maṣíìnì, ó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, ó gbé ọwọ́ lé itan. Alága sáré padà sílé. A gbọ́ igbe rẹ̀ lára ògiri.

"Ó ṣì wà níbẹ̀!"

"Bàbá, mo ti pa á o!"

"Mo mọ̀ pé o pa á! Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìkà ni ọ́!"

Ọjọ́ kejì ló pè mí kí n wá kọ ẹ̀sùn sí ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́. Òun ń pè é jáde lẹ́nu, èmi ń kọ ọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àmọ́ èmi ni mo kọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ ní kí wọ́n rán aláyẹ̀wò wá. Ìlà kejì ní kí wọ́n gba ohunkóhun tó bá ń pariwo, kí wọ́n fi èdìdì dì í, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìlà kẹta ní kí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí ìwé pé òun jẹ̀bi, níṣojú àdúgbò. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ó dìde dúró kó lè gbádùn rẹ̀:

"Bí ọ̀daràn náà bá sì fi ohun tó ń pariwo pamọ́ síbikíbi, ìbáà jẹ́ lábẹ́ aṣọ, kí a ṣí i lójú ẹsẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, láìwo ojú ẹnikẹ́ni, láìka ọjọ́ orí sí."

Mo gbé bírò sókè. "Lábẹ́ aṣọ kẹ̀, Alága?"

"Aránṣọ ni. Ibo lo tún rò pé ó máa fi nǹkan pamọ́ sí?"

Onílé gbọ́. Ó ní òun ò bá ìjọba jà, bí wọ́n bá fi lè lẹ èdìdì mọ́ ohunkóhun ní yàrá yẹn, Aránṣọ á kó jáde, òun á sì fún Alága ní kọ́kọ́rọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Aránṣọ wá sílé wa. Kò jókòó.

"Bọ̀dá, aṣọ iléèwé ọgọ́sàn-án ọmọ ni mo ti gé sílẹ̀ báyìí. Ìdajì ni mo tíì rán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n wọlé. Tí wọ́n bá gbé maṣíìnì mi lọ, kí ni kí n wí fún àwọn òbí yẹn? Ta ló tún máa gbé aṣọ fún mi láyé?"

Ó bú sẹ́kún. Ìyàwó mi dì í mú, ó wá yíjú sí mi. "Wọ́n ní ìwọ lo kọ lẹ́tà yẹn."

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́."

"Ó dáa. Kí ọwọ́ rẹ máa se oúnjẹ ara rẹ̀."

Fún ọjọ́ mẹ́rin ni ọwọ́ mi fi se oúnjẹ ara rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n sè.

Ọjọ́ Sátidé ni aláyẹ̀wò wá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Alága ti to àga síta fún àdúgbò. Ó ti wọ kóòtù. Ó ti ṣí rédíò sílẹ̀ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè wà lórí afẹ́fẹ́ nígbà tí òun bá ń borí. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún wọn lórí máìkì pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dúró dè mí. Mo fẹ́ lọ fa eyín ejò." Fìlà wà lórí, òógùn ń wá ọ̀nà àbáyọ lábẹ́ rẹ̀.

Aláyẹ̀wò náà, obìnrin kan tó rọra ń rìn ni, bàtà rẹ̀ fẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ó kí gbogbo wa. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó rí ọgbà náà, ó mi orí. Ó wá yọ rédíò kékeré kan jáde nínú báàgì, èyí tó ní irin gbọọrọ lórí. Ó ní bó bá sún mọ́ ibi tí ariwo ti ń wá, á máa han. Bó bá jìnnà sí i, á dákẹ́.

Bó ṣe tan án báyìí, ó han gooro. Alága bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣàlàyé. Aláyẹ̀wò lọ sí ara ògiri, Alága tẹ̀ lé e, rédíò ń han. Ó lọ sí ojú fèrèsé, Alága tẹ̀ lé e, rédíò ń han. Ó lọ sí ilé ìdáná, Alága dé ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Alága ní, "Ẹ wò ó bó ṣe pọ̀ tó, Ọ̀gá! Ó ti kún inú ilé mi!"

"Mo rí i, sà."

Wọ́n kọjá sí yàrá Aránṣọ, gbogbo àdúgbò rọ́ tẹ̀ lé wọn, àwọn tí kò ráyè wọlé kó orí bọ ojú fèrèsé. Aṣọ iléèwé wà níbẹ̀ gègèrè, a ti fi okùn dì wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Aránṣọ dúró ti maṣíìnì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí bí ìyá tó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ. Aláyẹ̀wò na rédíò sí maṣíìnì. Alága tẹ̀ síwájú kó lè rí i dáadáa. Rédíò han débi pé ọmọ ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ó tán!" ni Alága wí. Ó yíjú sí àwọn ojú fèrèsé. "Ṣé ẹ gbọ́? Ó tán! Ẹ mú èdìdì wá!"

Aránṣọ fi ara bo maṣíìnì rẹ̀.

Aláyẹ̀wò ní, "Ẹ yọ ọ́ lára iná." Aránṣọ yọ ọ́. Rédíò ń han lọ.

Alága ní, "Bátìrì wà nínú rẹ̀! Ẹ tú u!"

Aláyẹ̀wò ò tú nǹkan kan. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń gbọ́ ariwo náà. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé ẹ̀sùn yín dà?"

"Ó wà lórí tábìlì mi."

"Ẹ bá mi mú un wá."

Alága jáde. Rédíò dákẹ́.

Ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, a ń gbọ́ eṣinṣin. Aláyẹ̀wò gbé e sún mọ́ maṣíìnì, ó gbé e káàkiri ara rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ rẹ̀. Kò dún. Alága wọlé pẹ̀lú ìwé, rédíò han gooro.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ wò ó, mo tún gbàgbé bírò mi sọ́dọ̀ yín."

Alága jáde. Rédíò dákẹ́. Alága wọlé, rédíò han. Ìyá kan lójú fèrèsé fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tí aláyẹ̀wò rán an lẹ́ẹ̀kẹta pé kó lọ wò ó bóyá òun ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ òun, gbogbo àdúgbò ti ń kà á pọ̀: ó jáde, wọ́n ní "Ó dákẹ́!", ó wọlé, wọ́n ní "Ó dé o!" Alága nìkan ni kò mọ ohun tí wọ́n ń kà. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni, ó tiẹ̀ ju ọwọ́ sí wọn.

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn sà," ni aláyẹ̀wò wí.

Ó gbé rédíò sún mọ́ bàtà Alága. Ó ń kùn. Ó gbé e dé ìgbànú, ó ń pariwo. Ó gbé e dé àyà, ó ń ké. Ó gbé e dé ara fìlà, ó han bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ ní ẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà yín."

"Fìlà ta ni?"

"Tiyín, sà."

"Níṣojú gbogbo ayé? Èmi? Otútù ń mú mi lórí!"

Òógùn kán sórí kóòtù rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Aláyẹ̀wò ní òun ò lè fi tipátipá ṣí fìlà àgbàlagbà, àfi bí ìwé bá ní kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń jẹ iṣu tó jóná. Mo gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo wú ikọ́, mo ka ìlà kẹrin pẹ̀lú gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi: "Ìbáà jẹ́ lábẹ́ aṣọ, kí a ṣí i lójú ẹsẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, láìwo ojú ẹnikẹ́ni, láìka ọjọ́ orí sí."

Aláyẹ̀wò ní, "Ta ló kọ ọ́?"

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni. Ẹnu Alága ni."

Kò sí ibi tó fẹ́ gbà. Ìlẹ̀kùn kún, fèrèsé kún. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí fìlà.

Fìlà kejì wà lábẹ́ rẹ̀. Fìlà ike ni, dúdú, ó lẹ̀ mọ́ orí pẹ́típẹ́tí, iná pupa wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, ó ń tàn yí orí ká, bátìrì kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi ìpàkọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé ó ń mú irun hù láàrin oṣù mẹ́ta. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, àmọ́ Alága wa ti fi iná sórí tirẹ̀ láti ìgbà tí fọ́tò yẹn ti jáde, ó ń sùn, ó ń jí, ó ń ṣe alága. Gbogbo ilé ló pa láti wá ariwo. Orí rẹ̀ nìkan ni kò pa.

Ìyàwó rẹ̀ kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Háà! O ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí rẹ láti ọjọ́ yìí, o ní ẹ̀fọ́rí ni! Mo ń gbààwẹ̀ fún ẹ̀fọ́rí! Ẹran mi bàjẹ́ nítorí èyí?"

Àwọn èèyàn ti jókòó sílẹ̀ nínú ẹ̀rín. Ẹnì kan ní, "Ǹjẹ́ ó hù?" Wọ́n bọ́ ike náà kúrò, a wò ó. Irun mẹ́rin ni mo kà, mi ò sì lè búra pé ìkan nínú wọn kì í ṣe òwú Aránṣọ.

Aláyẹ̀wò pa ike náà, ó sọ ọ́ sínú àpò, gbogbo wa padà sí yàrá Alága. Ó ní kí Aránṣọ tan maṣíìnì rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, kó sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe lè yá tó. A gbọ́ ọ, ó ń sáré kìrìkìrì. A wo ojú kọ̀ǹpútà. Kò sí ọgbà, kò sí igi kan, àfi ohùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń mọ́lẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà ní, "Alága, a ṣì wà níbí o. Ṣé wọ́n ti mú ọ̀daràn?"

Alága wo máìkì, kò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo gbé e.

"Wọ́n ti mú un."

"Kú iṣẹ́ o! Ṣé ó jẹ́wọ́?"

Mo fi máìkì sọ́wọ́ Alága. Ẹni tí ìjì ń dákẹ́ fún, òun náà wá dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Nǹkan náà… wà lórí mi." Ẹnì kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ní ọ̀nà jíjìn, ìlà rẹ̀ ń ga, ó ń wálẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà ẹlòmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú kan, gbogbo ẹgbẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín, Ojú Kẹta sì ń fi gbogbo wọn han Alága lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aláyẹ̀wò jókòó sí tábìlì, ó fa fọ́ọ̀mù yọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ohun tí a gbà, tí a fi èdìdì dì: fìlà amúrunhù, ẹyọ kan." Ó wá gbójú sókè.

"Orúkọ olùfisùn?"

Alága sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Orúkọ ẹni tó ni ohun tó ń pariwo?"

Alága yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Akọ̀wé, ṣé a ò lè fi orúkọ ẹgbẹ́ sí i?"

"Rárá, Alága. Ìlà kẹta ò gbà bẹ́ẹ̀."

Àwọn aládùúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà, onílé wà láàrin wọn, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Aláyẹ̀wò na bírò sí Alága. Ó fọwọ́ sí i lókè, níbi tí wọ́n kọ "Ẹni tó fẹjọ́ sùn" sí. Aláyẹ̀wò ò gba bírò padà. Ó kàn fi ìka kan ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí wọ́n kọ "Ẹni tó jẹ̀bi" sí, Alága sì tún tẹ̀ ba, ó fọwọ́ sí ibẹ̀ náà.